Omi Tí Ọkọ̀ Dèjì Ń Mu

Ọkọ̀ Dèjì ọmọ mi ń mu omi, kò sì jò sílẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó fi ń kó iṣu ni. Bó ṣe ń bọ̀ láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀ lónìí, ó ń bu omi sí i ṣáá, ọkọ̀ ń gbóná ṣáá.

Mẹkáníìkì fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti funfun bí ògì.

"Màmá, omi ti wọnú ẹ́ńjìnì. Bó bá kú lórí òkè, búréèkì á le, kò ní fẹ́ẹ́ mú mọ́."

Dèjì ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi gbé ẹgbẹ́ akọrin lọ sìnkú l'Ómùú lọ́la ná."

Mo ní, "Òkú ta ni, tiwọn?"

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Kò jiyàn, torí ó ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́wọ́. Ó ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì báyìí.

Ẹ̀yin tí ìyàwó yín wà nínú akọrin, ṣé ẹ gbọ́?