Káàdì Mẹ́ta Inú Agolo

Ṣé òkú a máa nu bàtà rẹ̀ kó tó wọlé? Láti kékeré ni ìgbàgbọ́ mi ti dáhùn ìbéèrè yìí: òkú ń sùn, ó di ọjọ́ àjíǹde. Àmọ́ láti ìgbà tí Baba Aago ti bi mí, mi ò tíì rí ẹnu fi dá a lóhùn.

Aago ni Baba Aago ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Bí ènìyàn méjì bá jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn á kanra. Tábìlì wà lẹ́bàá fèrèsé, awò tí ó ń há sójú kan láti fi wo ohun kéékèèké wà lórí rẹ̀. Aago mọ́kàndínlógún ló wà lára ògiri, kò sì sí èyí tí ó fi ìṣẹ́jú kan ṣíwájú èkejì. Nítorí ọwọ́ tí kì í ṣàṣìṣe yìí ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù fi sọ ọ́ di akọ̀wé káàdì.

Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tán, yóò kọ iye ìgbà tí ó gbá a sínú káàdì, ẹni tí wọ́n jọ gbá a á fọwọ́ sí i, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń mọ iye tí wọn yóò yọ kúrò fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, kí òun àti ọ̀gá lè jọ figagbága. "Ìforíjì" ni wọ́n ń pè é.

"Ìforíjì mélòó lo ní?"

"Mẹ́rìnlá."

"Háà, ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku! Mẹ́rin péré ni tèmi."

Wọn a rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀gbọ́n Baba Aago, tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, fẹ́ràn ìforíjì ju ìrònúpìwàdà lọ. Mẹ́rìndínlógún ni tirẹ̀. Nígbà tí ìdíje ife ńlá ku oṣù mẹ́ta, ó ṣàdédé já fáfá. Ọjọ́ tí kò bá gbá a dáadáa, á ju káàdì rẹ̀ sínú àpótí bíi ti gbogbo ayé. Ọjọ́ tí ó bá gbá a dáadáa, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń mú un wá, á ti ká a sí méjì.

"Àbúrò, bá mi ya èyí sọ́tọ̀ ná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ńkọ́?"

"Ìwé ò ní sá lọ. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin iṣẹ́ mú, ìwé lo wá fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀. Baba Aago kò ṣí wọn wò. Agolo sípíríǹgì ló tì wọ́n sí. Ó ní ohun tí ojú òun kò bá rí, ẹnu òun kò ní jẹ́jọ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n wọ ìwé ni, ìforíjì Ẹ̀gbọ́n ì bá wálẹ̀ sí mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Ẹ̀gbọ́n àti aránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Télọ̀ ló kù. Télọ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá dé pápá. Ogún ọdún ló ti ń lépa ife yẹn. Bọ́ọ̀lù gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà bí ọmọ rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ìforíjì tán, Ẹ̀gbọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo borí.

Télọ̀ bọ Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó wá yíjú sí akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Baba Aago, ṣé gbogbo káàdì ló wà nínú ìwé?"

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Baba Aago rántí, nítorí aago gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ fi ìṣẹ́jú méjì yá jù.

"Gbogbo rẹ̀ pátá," ló wí.

Télọ̀ gbé àpò igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Kò padà wá sí pápá mọ́. Kí ọdún tó yí po, ó ti kú. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n sì wà lára pátákó gbọ̀ngàn, ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́.

Lẹ́yìn ikú Télọ̀ ni Baba Aago ń wá sípíríǹgì tín-ín-rín kan. Ó da agolo sórí tábìlì, káàdì mẹ́ta já bọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú wọn. Níbi tí ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ sí lára ẹ̀kẹta, ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ Télọ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló bá Ẹ̀gbọ́n gbá a lọ́jọ́ náà. Ó ti mọ̀ kó tó béèrè. Ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́ ló ṣí sílẹ̀ fún akọ̀wé, akọ̀wé sì tì í.

Láti ọjọ́ náà, bí aago mọ́kàndínlógún bá ti lu mẹ́rin tán, ẹnì kan á nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà gọ́ọ̀fù tó ní ìṣó nídìí ni: ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì fún òsì. Bí Baba Aago bá ṣílẹ̀kùn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ó ká ìnusẹ̀ kúrò. Bàtà wá ń ha sìmẹ́ńtì.

"Baálé mi, eku ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Eku wo ló ń wọ bàtà?"

Nígbà tó di ọdún kẹfà, ó lọ bá Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ́wọ́."

"Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Ta ló tún ń wá a?"

"Ó ń wá."

"Ta ni?"

Baba Aago wo ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́ lójú àwọn ọmọ mi. Bí o bá dán an wò, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ilé ìsìn kan náà ni èmi àti Baba Aago jọ ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ránṣẹ́ pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ká gbàdúrà. A gbà á. Nígbà tí mo ṣe àmín tí mo lajú, mo rí i pé mo ti fa àga mi kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Baba Aago rí i. Ó ki káàdì mẹ́ta náà bọ àpò àyà rẹ̀.

"Ọmọ mi, aago mẹ́rin ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ń jókòó. Mò ń kó wọn lọ, Ẹ̀gbọ́n á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin náà ni Télọ̀ máa ń dé, mi ò sì fẹ́ kó bá ilé lófo. Jọ̀ọ́, bá mi jókòó síbí. Bí o bá gbọ́ ọ, má wulẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ṣáà sọ fún un pé mo ti lọ."