Ẹyin Tó Ń Ṣẹ́kù Sínú Àwo Bàbá Mi

Bàbá mi kì í jẹ ẹran inú àwo rẹ̀ tán. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré nílé wa l'Óǹdó nìyẹn: tó bá jẹ iyán tán, èyí tó dára jù nínú ẹran á ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ àwo, á fọwọ́ tì í síwájú, àwa ọmọ á sì pín in. Ládùúgbò wa, bàbá ilé tó bá dá ẹran rẹ̀ jẹ tán lójú àwọn ọmọ, ojú ọ̀kánjúwà ni wọ́n fi ń wò ó.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú un lọ́fun, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìyá wa sì ti kú. Mo mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ kó lè máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí i lọ́fun. Ìgbà náà le. Tíṣà ni èmi náà, wọn ò sì san owó oṣù fún wa déédéé, bí wọ́n bá sì san án, ìdajì ni. Ojoojúmọ́ ni nǹkan ń gbówó lórí l'Ọ́jà Ọba, débi pé tí mo bá béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyin, ńṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n má baà bú ẹni tó ń tà á.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ́ àwọn aláìsàn ní ohun tí wọn yóò máa jẹ. Orí bẹ́ǹṣì ló ń kó wa jọ sí, aláìsàn àti ẹni tó bá a wá. Kì í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ìtànṣán náà ń bá jẹjẹrẹ jà, ṣùgbọ́n yóò bó ẹnu àti ọ̀fun. Itọ́ yóò gbẹ, oúnjẹ ò sì ní dùn lẹ́nu mọ́.

"Ẹ má jẹ ata. Ẹ má jẹ ohun tó gbóná janjan. Ẹ jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó rọ̀, ẹ fọ́ ẹyin mọ́ iṣu, ẹ yọ egungun ẹja kí ẹ sì gún un mọ́ ọn. Bí kò bá wù yín jẹ, ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ara tí kò bá jẹun ò ní lè fara da ẹ̀rọ yìí."

Bàbá mi gbọ́. Ó tilẹ̀ béèrè ìbéèrè. Nígbà tí a délé, mo se ẹyin kan, mo gé e sórí iṣu tí mo ti gún rọ̀ pẹ̀lú òróró díẹ̀. Ó jẹ iṣu, ó fi ṣíbí yọ ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti àwo náà sí mi.

"Mo ti yó. Jẹ ìyẹn."

Mi ò jẹ ẹ́. Mo gbé e pamọ́, mo tún gbé e fún un lálẹ́. Ó tún ṣẹ́ ẹ kù. Báyìí ni ẹyin kan ṣoṣo ṣe ń rìnrìn àjò láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, tí èmi àti bàbá mi ń gbá a síra wa, títí yóò fi bàjẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò wá mọ́, nítorí egungun èjìká rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n ti fi ike rírọ̀ kan wọn ojú àti ọrùn rẹ̀, ike náà sì gan, ó di ìbòjú tó bá a mu rẹ́gí. Òun ni wọ́n fi ń di orí rẹ̀ mú kó má baà mira, kí ìtànṣán lè ba ibi tó yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà dè é mọ́ ọn, ó wò ó, ó sì tún tú u.

"Bàbá, ojú yín ti ń yí nínú ìbòjú yìí. Ẹ ti rù jù. Mi ò lè tan ẹ̀rọ sí yín lára báyìí."

Bí wọ́n ṣe dá ìtọ́jú dúró nìyẹn. Dọ́kítà ní àwọn máa ṣe ìbòjú mìíràn, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá tún ń rù, ìyẹn náà á fẹ̀ jù ú lọ, ìdádúró náà ò sì ṣe wá lóore, jẹjẹrẹ ló ń ṣe lóore.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe gbé wa délé, mo gbé ẹyin tó ṣẹ́ kù láàárọ̀ síwájú rẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọn.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ta ni ẹ̀ ń ṣẹ́ ẹyin kù fún? Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́!"

Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nígbà náà, mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Lánàá, mo fẹ́ wá bu omi nílé ìdáná. Mo rí ọ tí ò ń mu gàrí. Níjẹta náà, gàrí ni. O sì ń sọ fún mi pé o ti jẹun níléèwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ẹyin mì?"

Èmi rò pé àṣà àtijọ́ ló ń dà á láàmú. Wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo ohun tó yẹ kó wọ ẹnu bàbá mi, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń wọ ẹnu tèmi. Mo sunkún níwájú rẹ̀ láìtijú.

Mo gé ẹyin náà sí méjì. Títí mo fi gbé tèmi mì ni bàbá mi ń wo ẹnu mi, kó tó fi tirẹ̀ sẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ìbátan wa kan tó ń dáko ní Ìta-Ògbólú, mo sọ òtítọ́ fún un, ó sì di iṣu àti ẹ̀wà fún mi. Láti ìgbà náà, ìkòkò kan ni èmi àti bàbá mi ń jẹ, oúnjẹ aláìláta, tí ò dùn, tí mo sì ń jẹ tán.

Ìbòjú tuntun tí wọ́n ṣe fún un ò yẹ̀, wọ́n sì ń bá ìtọ́jú náà lọ. Nígbà tí obìnrin tó ń kọ́ wa ní oúnjẹ jíjẹ gbé bàbá mi sórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé ó ti ń wúwo sí i. Ó kí i, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi rọra sọ̀kalẹ̀, ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ bá mi wọn òun náà."