Fàdìlàt àti Orúkọ Bàbá Lórí Ìwé Ìbí

Àlọ́ o!

"Àlọ̀!"

Ohùn yín ò jáde. Ṣé ẹ ò jẹun ni? Àlọ́ o!

"Àlọ̀ ooo!"

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi ré kọjá igbó, ó ré kọjá odò, kò bà lé ẹranko kankan. Orí Fàdìlàt ló bà lé, ìyàwó Jibril ọmọ mi, aránṣọ tí kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Lọ́wọ́ Bàbá Alhaji náà ńkọ́, Màmá?"

Ibtisam, ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Jẹ́ kí ẹnu rẹ sinmi.

Ọmọ àdúgbò Alájùé ni Fàdìlàt. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sílé yìí, àwọn ìyàwó ilé ti bu omi dání láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá ní kí wọ́n dúró ná, òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tí òun máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sí. Àwọn àgbà lanu. Èmi rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní èyí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́.

Ó bí Fawziyah. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, a rí i pé bó bá sáré díẹ̀, á lóṣòó, ètè rẹ̀ á sì dúdú bí ẹni tó mu aró. Àwọn dókítà l'Óṣogbo ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Fàdìlàt ò sunkún lójú wọn. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń dí i?" Wọ́n ní ní Íńdíà. Ó ní, "Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé fún mi."

Ọdún mẹ́ta ló fi ń lọ tó fi ń bọ̀, kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú kan tó gbà láti gbé bùkátà iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni méjì péré ni wọ́n máa gbé lọ: ọmọ àti òbí kan. Jibril ní kí ìyàwó òun máa lọ. "Bí èmi bá lọ, wọ́n á rẹ́ mi jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ ni kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ọ jẹ."

Àwọn tó ń fúnni ní físà wá ní, bí òbí kan bá ń dá gbé ọmọ jáde nílùú, èkejì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun yọ̀ǹda, kó búra sí i ní kóòtù, kí wọ́n sì fi ìwé ìbí ọmọ tì í. Wọn ò ṣe burúkú. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ọmọ gbé ni. Jibril àti ìyàwó rẹ̀ gbọ̀nà kóòtù. Akọ̀wé wo ìwé ìbí, ó wo Jibril.

"Ta ni Àtàndá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Orúkọ wọn ló wà níbi orúkọ bàbá ọmọ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àtàndá, àkọ́bí mi, tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Alhaji, ló ra àgbò. Òun ló gbé ọmọ fún àfáà, òun náà ló lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni bàbá ọmọ, ó ní òun ni. Kò mọ̀ ọ́n ní irọ́. Nílé yìí, olórí ilé ló ni gbogbo ọmọ. Ẹ̀yin náà, orúkọ rẹ̀ lẹ ń jẹ́ nílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é látayébáyé, kò sẹ́ni tó bi wá.

Akọ̀wé ní kí Àtàndá wá búra pé òun kọ́ ni bàbá ọmọ, kí wọ́n lè tún ìwé náà ṣe. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àtàndá fò sókè. "Kí n gbé Kùránì dání, kí n ní ọmọ àbúrò mi kì í ṣe ọmọ mi? Ṣé mo ya aláìnítìjú ni?"

Jibril dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìwé lásán ni."

"Bó bá jẹ́ ìwé lásán, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìwé wọn ní èmi ni bàbá, àbí? Èmi fúnra mi á kọ lẹ́tà. Mo yọ̀ǹda. Ó tán!"

Jibril ti fẹ́ máa dúpẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni Fàdìlàt wà, ó dìde.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò gbà. Bí wọ́n bá bi Fawziyah ní pápákọ̀ òfurufú pé ta ni bàbá rẹ̀, Jibril ló máa sọ. Wọ́n á ní mo jí i gbé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá wa dúró títí ọmọ á fi kú sí mi lọ́wọ́."

"Ìwọ obìnrin yìí, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ gbá mi létí bó bá wù yín, ẹ ṣáà tẹ̀lé mi lọ sí kóòtù."

Àtàndá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fàdìlàt gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà Àtàndá, ó ń ránṣọ. Àwọn oníbàárà bá a níbẹ̀. "Kí lò ń ṣe níbí?" "Mò ń dúró de Bàbá ni, ká jọ lọ sí kóòtù." Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Alhaji tó ti dé Mẹ́kà wá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, kò gbà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Fàdìlàt wá bá mi ní yàrá.

"Màmá, ta ló bí Alhaji?"

"Èmi ni."

"Ta ló bí Jibril?"

"Èmi náà ni."

"Akọ̀wé ní ẹni tó bá mọ̀ dájú lè búra. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Ẹ dìde, Màmá."

Mo wò ó. Àkọ́bí mi ni Àtàndá, òun ló ń bọ́ mi. Mo bọ bàtà.

A mú káàdì ilé ìgbẹ̀bí dání, èyí tó ní orúkọ Jibril. Akọ̀wé ní, "Màmá, ṣé ẹ lè kàwé?"

"Rárá. Àmọ́ mi ò gbàgbé ẹni tí mo bí."

Ó ka ìwé náà sí mi létí ní Yorùbá. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó fi hàn mí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ìwé ìbí tuntun ti jáde, orúkọ Jibril ló wà lórí rẹ̀. Jibril búra sí lẹ́tà tirẹ̀, físà sì jáde.

Ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ Fawziyah. "Ta ni bàbá rẹ?"

"Jibril ni. Ẹ má pariwo mọ́ màámi o, wọ́n lè bá yín jà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dí ihò yẹn. Fawziyah ti ń béèrè móínmóín lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà.

"Màmá, ṣé Bàbá Alhaji ṣì ń bínú?"

Ó ń bínú. Ó ní mo fi àtàǹpàkò gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Mo ní mo gbà á, kó lọ pè mí lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́la, màá tẹ̀ ẹ́.

Ó tó. Ibtisam, má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ẹ gbọn ẹní yín, ẹ lọ tọ̀, kí olúkúlùkù lọ sùn.