Ikú Fọláránmi Lẹ́nu Ọmọ Ẹlòmíì

Táìsì ni Láńrewájú ń tẹ́. Ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, Òṣogbo ló ń gbé. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ bíríkìlà kó tó ti ibẹ̀ bọ́ sídìí táìsì. Ó mọ táìsì jù mí lọ. Bó bá tẹ́ ẹ tán, ẹ da omi sí i, omi náà á gba ibi tó yẹ kó gbà lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tó ní òun ń ṣe ráàpù.

Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Orin ni, bàbá. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, kíákíá."

"Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kí ọ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó o tó dáhùn?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́ta ni. Mukhtar ló ní kọ̀ǹpútà àti yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, nítòsí ojú irin. Kàmál, ọmọ alágbẹ̀dẹ góòlù kan láàárín ìlú, ni èkejì. Ó lẹ́wà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Láńre ni ẹ̀kẹta. Wọ́n pe ara wọn ní Ọmọ Ojú Irin. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe àwo orin wọn àkọ́kọ́. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má bàa wọlé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ tiẹ̀, wọ́n á pa fáànù, gbogbo wọn á máa làágùn bí ẹni ń gbẹ́ ṣáláńgá.

Ọjọ́ tí Láńre sọ tiẹ̀, mo wà níbẹ̀. Mo ń rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró díẹ̀. Ikú bàbá rẹ̀ ló sọ. Fọláránmi ni bàbá náà ń jẹ́, àgbẹ̀ oníkòkó. Àìsàn dá a wólẹ̀ lóko. Wọ́n gbé e wá sétí títì kí wọ́n lè rí ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Iléṣà. Láńre bọ́ ẹ̀wù, ó ń fì í sáwọn ọkọ̀. Wọ́n á rọra, wọ́n á rí aláìsàn nílẹ̀, wọ́n á tún tẹná. Orí àpò kòkó ni Fọláránmi kú sí.

Ìjẹ̀ṣà ni Láńre fi sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Kò pe ilé ní ilé. Ulé ló pè é. Ó ń dárúkọ bàbá rẹ̀: Fọláránmi. Fọláránmi. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó rántí tan fáànù.

Mukhtar ní, "Láńre, èyí ló máa ta àwo yìí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwo náà jáde, ìyá rẹ̀, Yéjídé, kó àwọn ará ilé wá láti Ìpetu, bọ́ọ̀sì kan kún. Ó jókòó tì mí nínú gbọ̀ngàn.

"Bàbá Fadékẹ́, ẹ tẹ́tí o. Ẹ máa gbọ́ orúkọ ọkọ mi lónìí."

"Ìyá Láńre, mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹ tún máa gbọ́ ọ."

Wọ́n ń lu àwo náà látòkèdélẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí pèpéle. Ó kan orin náà. Mo dá ìlù rẹ̀ mọ̀. Ohùn tó tẹ̀ lé e, ti Kàmál ni. Yorùbá Òṣogbo, geerege. Àpò kòkó wà níbẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n ń fì wà níbẹ̀. "Bàbá mi kú sétí títì," ni Kàmál wí. Bàbá Kàmál alára wà níwájú, ó ń jẹ gúgúrú. Fọláránmi kò sí níbẹ̀ rárá.

Yéjídé wo ọmọ rẹ̀ lókè. Ó wò mí. "Bàbá Fadékẹ́, ta nìyẹn?"

Mo nawọ́ sí Kàmál.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Láńre di Mukhtar lẹ́wù mú.

"Ohùn mi dà?"

"Láńre, gbọ́. Alhaji tó náwó sí i ló ní kò yé òun. Ó ní ẹni tó ń pe iṣu ní uṣu, ta ló máa ra àwo rẹ̀?"

"Èyí tí mo sọ dà?"

"Kọ̀ǹpútà ti kún. A ti pa á rẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"A fẹ́ sọ. O wà níbi iṣẹ́."

"Ṣé bàbá Kàmál ti kú ni?"

Láńre tú Mukhtar sílẹ̀. Kò lù ú. Ìbá lù ú.

Àwo náà tà. N kò ní purọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ Òṣú, nínú ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ Àbẹ̀rẹ̀, orin yẹn ni wọ́n ń lù. Àwọn obìnrin ń bá Kàmál kẹ́dùn láàárín títì, ó sì ń dáhùn pé ẹ ṣé. Ẹnì kan gbé ṣúgà dé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ṣe fìdáù bàbá Kàmál?"

Bàbá náà ju ọmọ owú sílẹ̀. "Èmi ni bàbá Kàmál! Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ṣùgbọ́n ó gba ṣúgà náà. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ fún Láńre. Kò rẹ́rìn-ín.

Níbi iṣẹ́ kan, lébìrà wa kan tó ń jẹ́ Silas gbé orin náà sí fóònù. Ó ní, "Orin yìí máa ń pa mí lẹ́kún. Kàmál ti jìyà o."

Mo ní, "Bàbá ẹni tó ń tẹ́ táìsì yìí ló kú. Òun ló ṣe orin náà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!" Ó yíjú sí Láńre. "Ọ̀gá táìsì, ó yá, ẹ sọ ọ́ ká gbọ́."

Láńre dìde, eruku funfun bo irun ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Kò tíì dé ibi orúkọ bàbá rẹ̀ tí Silas fi lọgun.

"Olè! Orin Kàmál lo jí, lo wá sọ di Ìjẹ̀ṣà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Láńre bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé táìsì rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí Ìpetu, a lọ tẹ́ táìsì sójú oórì Fọláránmi. Yéjídé gbé àpótí wá, ó jókòó tì wá.

"Láńre, sọ ọ́ fún mi. Ibí yìí gan-an. Òun náà á gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ná, màámi."

"Uṣẹ́ ò sá lọ. Sọ ọ́."

Láńre nu ọwọ́. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde, ti Kàmál ni. Yorùbá Òṣogbo, geerege. "Bàbá mi kú sétí títì." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ti Kàmál náà ni. Ó ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé, títí tiẹ̀ fi kúrò lórí rẹ̀. Ó di ojú, ó ń wá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kò rí i.

Yéjídé gbé àpótí rẹ̀.

"Ó tó," ó ní. "Tẹ́ táìsì ẹ."

Ó tẹ́ ẹ. Ó gún régé. Omi ò lè dúró lórí rẹ̀.