Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Ń Sá Fún

Ọmọ mi kẹta ló fà á. Láti ìgbà tí mo ti bí i, ìtọ̀ mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Bí mo bá sín, ó jò. Bí mo bá rẹ́rìn-ín gidi, ó jò, èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ! Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ló burú jù. Kíkúnlẹ̀ gan-an kò ní wàhálà, ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde ni.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìfọ̀, ó sì mọyì ìkúnlẹ̀ ju ẹ̀bùn lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún díẹ̀ kí i, kò pẹ́ tó fi ń sọ fáwọn ìyàwó ilé pé láti ìgbà tí a ti kọ́lé sí Mọ̀wé ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀, kí wọ́n pè mí ní agbéraga sàn ju kí wọ́n pè mí ní atọ̀ọ́lé lọ.

Dókítà obìnrin kan ní Ibafọ kọ́kọ́ ní kí n máa fún ìsàlẹ̀ mọ́ra lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Mo fún un mọ́ra nínú ọkọ̀, mo fún un mọ́ra nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó dín kù, kò tán. Ló bá ní ká ṣe iṣẹ́ abẹ.

"Mọ́mì, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan la máa fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ yín ró lábẹ́, bẹ́ ẹ ṣe ń fi ọ̀já gbé ọmọ."

Mo ṣe é. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sín lẹ́yìn rẹ̀, mo di bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń retí. Kò sóhun tó jò. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Àmọ́ dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, n kò sì gbọdọ̀ lóṣòó tàbí kúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àsìkò yẹn ni Ìyá gbéra láti Ìfọ̀ wá kí mi. Ọkọ mi ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni, kò sọ irú ẹ̀. Mo jókòó sórí àga, Ìyá dúró, ó ń wo orúnkún mi. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

"Ìyá, ẹ má bínú. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí yín, ìtọ̀ ló ń dà sí mi lára. Ohun tí wọ́n ń tún ṣe nìyẹn. Mi ò gbéra ga sí yín rí."

Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó wá jókòó tì mí.

"Ṣé o rí i pé mi ò lọ mọ́ṣáláṣí mọ́? Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Tí mo bá ti foríkanlẹ̀, àlùwàlá mi bàjẹ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́."

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Dókítà yẹn, ṣé ó máa ń ṣe é fún arúgbó?"