Ìrẹsì Tí Sarla Dà Sẹ́yìn

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Sarla ọ̀rẹ́ mi níyàwó ní Sókótó kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ará Íńdíà ni wọ́n, tíṣà ni bàbá rẹ̀, ilé wọn sì kángun sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó wá ku òun àti bàbá rẹ̀ nìkan nílé.

Wọ́n so aṣọ Sarla mọ́ ti ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yí iná po lẹ́ẹ̀méje. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Àṣà wọn ni kí ìyàwó dà á sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, kí oúnjẹ má bàa wọ́n nílé òbí rẹ̀. Ìyá ìyàwó ló máa ń fi aṣọ gbà á. Sarla bu ìrẹsì, ṣùgbọ́n ó dúró.

"Bàbá, ta ni yóò gbà á?"

Ìyá mi bọ́ síwájú, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ náà.

"Dà á, ọmọ mi. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Sarla dà á, ó bú sẹ́kún. Ọkọ̀ gbé e lọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Kàdúná.

Ìyá mi gbé ìrẹsì náà fún bàbá rẹ̀.

"Na gode, Ìyá Àdùkẹ́," ni ó fi èdè Haúsá dúpẹ́, ó sì wọlé lọ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìgbéyàwó lè sọ ilé di ahoro.