Ìkànnì Tó Ń Kí Ìyàwó Rẹ̀

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní Mpape dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, débi pé bí mo bá yọjú lójú fèrèsé ọ́fíìsì, n kì í rí òkè mọ́; mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ohun tí ìkànnì wa lórí ayélujára ń ṣe sí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó bá yà síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ránṣẹ́ sí mi pé bàbá kan ń sọ èdè wa nísàlẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, ó ń ta ọsàn ní ọjà Zuba. Mo sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fa fóònù yọ lápò.

Ó ní, “Ọmọ mi, ìkànnì yín ń kí ìyàwó mi.”

“Ṣé wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sà?”

“Ó ti ṣaláìsí. Láti ìgbà ọsàn tó kọjá.”

Ó ṣí i hàn mí. Ìkànnì wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú wa dùn láti tún rí yín, orúkọ obìnrin kan sì tẹ̀ lé e. A lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà, mo sì ṣàlàyé fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, pé kí a máa fi tó o létí bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá wà fún àwọn oníṣòwò. Lọ́jọ́ náà, ìkànnì fi àmì kékeré kan tó ní orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kúkì, sínú fóònù ìyàwó náà, èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá yìí, kó lè dá a mọ̀ bó bá padà wá.

“Bí ẹ ṣe ń dá oníbàárà yín mọ̀ náà ni, sà.”

“Èmi máa ń mọ̀ bí oníbàárà mi ò bá wá mọ́,” ó dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́.

Ewé máńgòrò kan já bọ́ sórí fìlà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Ó ní, “Ó máa ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ọsàn, á máa tẹ fóònù, á máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. N ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń wá.”

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá: kí a yọ orúkọ ìyàwó òun kúrò lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n má ka òkú mọ́ alààyè. Ó mú ìwé ẹ̀rí ikú ìyàwó rẹ̀ dání. Mo gòkè lọ, ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i, mo sì pa gbogbo ohun tó wà lọ́dọ̀ wa rẹ́.

Nígbà tí mo padà wá, mo fẹ́ pa àmì inú fóònù náà rẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà.

“Ta ló ń rí èyí?”

“Ẹ̀yin nìkan ni, sà.”

“Fi í sílẹ̀.”

“Yóò parẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá yá. A ti dá àsìkò fún un. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, yóò ti lọ.”

Ó rò ó títí. “Ó dáa. Kó lọ nígbà tó bá wù ú.”

Bó ṣe fẹ́ dìde, ó béèrè bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì wà. Mo ní ó wà. Ó ní kí n kọ orúkọ òun. Mo ka gbogbo ohun tí a kọ sí ìkànnì nípa àṣírí àwọn àlejò sí i létí, ó gbọ́ ọ délẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Nígbà tí a débi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá kí a fi àmì sínú fóònù, ó mi orí.

“Orúkọ mi, ẹ gbà á. Àmì, rárá. Ìyàwó mi ló wà níbẹ̀.”

Mo bá a tẹ̀ ẹ́ pé rárá.

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo rí i lọ́wọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ń tòògbé díẹ̀díẹ̀, ó ń jí. Ó rí mi, ó juwọ́. Oòrùn wọlé sórí àwọn àga, eruku ń léfòó nínú rẹ̀, olùkọ́ sì ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èso kó má tètè bàjẹ́.